Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́: Bí A Ṣe Fi Sọ́fítíwíà Ìwé Owó Kan Lọ́lẹ̀ fún Gbogbo Ayé

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni ìfilọ́lẹ̀ sọ́fítíwíà kan tí àwọn oníṣòwò kéékèèké fi ń kọ ìwé owó wọn: ohun tí wọ́n tà, ohun tí wọ́n rà, ẹni tó jẹ wọ́n àti ẹni tí wọ́n jẹ. Ó ní apá tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, apá tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn sáfà tó ń tọ́jú ìsọfúnni lẹ́yìn wọn. Àṣẹ tí a gbà ni pé kí ó jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà, ní èdè 24. Mo kọ ọ́ fún ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Ibi tí wákàtí ń gbà lọ ni mo fẹ́ tọ́ka sí, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú òru tí a fi ṣiṣẹ́ kò lọ sórí ohun tuntun kankan. Ó lọ sórí dídúró de àbájáde àyẹ̀wò, sórí títún ohun tí ẹni tí oorun ń kùn bà jẹ́ ṣe, àti sórí wíwá ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí mẹ́jọ ṣáájú. Ìgbà tí a wá ojútùú sí ìdúró yẹn ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Àwọn ohun èlò wa kò ṣàjèjì: Git fún ìpamọ́ kóòdù, ẹ̀rọ kan tó ń kọ́ ẹ̀yà tuntun tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, PostgreSQL fún dátábéèsì (ibi tí ìsọfúnni ń gbé), àwọn sáfà ní agbègbè mẹ́ta lágbàáyé, àti pátákó tó ń fi ìwọ̀n gbogbo nǹkan hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló pín iṣẹ́ náà, ọ̀kan ní Éṣíà, ọ̀kan ní Yúróòpù, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà.

Ìpele 1: Yíyan ìṣẹ́jú tí ilẹ̀kùn yóò ṣí

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dábàá ni pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gba sọ́fítíwíà náà ní agogo méjìlá òru tirẹ̀. Ó dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n kò ṣeé mú ṣe. Agogo ayé bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí 14 ṣáájú UTC (agogo àjùmọ̀lò tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n àkókò), ní àwọn erékùṣù Line ti Kiribati, ó sì parí sí wákàtí 12 lẹ́yìn UTC. Nítorí náà, ọjọ́ kan ṣoṣo lórí kàlẹ́ńdà ń gba wákàtí 50 kí ó tó tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Bí a bá tẹ̀ lé agogo ibùgbé, ilẹ̀kùn yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 26, kò sì ní sí ẹnì kankan tó lè wà lójúfò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀.

Kóòdù tó ń ṣírò agogo náà tún ní àléébù tirẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ kí ó máa tọ́jú ìyàtọ̀ àárín agogo ibùgbé àti UTC gẹ́gẹ́ bí odindi wákàtí. Íńdíà fi wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 30 ṣáájú UTC, Nepal sì fi wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 45 ṣáájú. Nígbà àyẹ̀wò, ọjà tí a bá kọ sílẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn agogo méjìlá òru ní Nepal a máa bọ́ sí ọjọ́ àná, èyí tó túmọ̀ sí pé ìròyìn owó ojoojúmọ́ kò ní bára mu láéláé. Ojútùú rẹ̀ ni pé a pa òǹkà náà tì, a sì ń tọ́jú àkókò gbogbo ní UTC pẹ̀lú orúkọ ibi tí oníbàárà wà, bí àpẹẹrẹ “Asia/Kathmandu”. Òfin ìjọba lè yí òǹkà padà nígbàkigbà, ṣùgbọ́n orúkọ kì í yí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a fẹnu kò sí níkẹyìn ni ìṣẹ́jú kan ṣoṣo fún gbogbo ayé: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 13:00 UTC. Ó jẹ́ ọ̀sán ní Yúróòpù, òwúrọ̀ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, àti alẹ́ tí kò tíì pẹ́ jù ní Éṣíà. A yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ọjọ́ Ajé lè wà fún àyẹ̀wò ìkẹyìn, kí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta sì kù lẹ́yìn rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni tó bá fi ọjọ́ Ẹtì ṣe irú iṣẹ́ yìí ti ta ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ láìgba owó.

A tún pinnu pé gbogbo ìpàdé ìfàléni-lọ́wọ́, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń fa iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́, yóò máa wáyé ní 00:00, 08:00 àti 16:00 UTC. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi wọ́n sí agogo ibùgbé. Amẹ́ríkà máa ń sún agogo síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta, Yúróòpù sì máa ń dúró di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà. Ní àárín méjèèjì, ẹgbẹ́ kan a máa dé sí ìpàdé kí èkejì tó jókòó. Láti ìgbà tí a ti kọ UTC sórí gbogbo ìwé, ariyànjiyàn yẹn tán.

Ìpele 2: Ibi tí òru ń gbà lọ

Èyí ni ìpele tó kọ́ mi ní nǹkan jù. Nígbà tí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ń sún mọ́lé, gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó títí di òru, àwọn kan sì ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 70 lọ́sẹ̀. Àdéhùn àkọ́kọ́ tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé ṣe ní 1919 ti fi wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ lélẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n tí ìfilọ́lẹ̀ bá dé tán, ó jọ pé kò sẹ́ni tó ń rántí. Dípò kí n bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n lọ sùn, mo mú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ìkọ́ wa, mo sì wọn ohun tí òru kan jẹ́.

Kíkọ́ ẹ̀yà tuntun ń gba ìṣẹ́jú 9, àyẹ̀wò rẹ̀ sì ń gba ìṣẹ́jú 85: àpapọ̀ 94. Ẹni tó bá fi àtúnṣe ránṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá alẹ́ yóò mọ àbájáde rẹ̀ ní 11:34. Bí ó bá kùnà, yóò tún nǹkan ṣe fún ogún ìṣẹ́jú, yóò sì tún dúró fún ìṣẹ́jú 94 mìíràn. Báyìí ni òru ṣe ń lọ, nínú èyí tí iṣẹ́ gidi kò tó wákàtí kan. Wọn kò ṣe ìmẹ́lẹ́, ìdúró ló ń jẹ wákàtí wọn.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a ra ẹ̀rọ tó lágbára jù, ìṣẹ́jú 94 sì di 81. Ohun tí ó mú wá kò tó owó tí a ná. Èyí tó ṣiṣẹ́ ni pé a pín àyẹ̀wò náà sí ọ̀nà 12 tí wọ́n ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà lórí ẹ̀rọ 12 kéékèèké. Ìpín tó gùn jù ń gba ìṣẹ́jú 8, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ di 17. Ìpín náà kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan, nítorí àwọn àyẹ̀wò kan ń gbára lé ìsọfúnni tí àyẹ̀wò mìíràn fi sílẹ̀ nínú dátábéèsì. A ní láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dátábéèsì tirẹ̀, tí a ń ṣe àdàkọ rẹ̀ láti inú àwòṣe kan tí PostgreSQL lè dà kọ ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Àwọn àyẹ̀wò tó ń yege lónìí tó sì ń kùnà lọ́la láìsí ìdí ni a kó sí ọ̀tọ̀, a sì fi orúkọ ẹni tí yóò tún wọn ṣe sára wọn.

Lẹ́yìn èyí ni a wá ṣòfin nípa òru. Ìwádìí tí Williamson àti Feyer tẹ̀ jáde ní 2000 fi hàn pé ẹni tí kò bá tíì sùn fún wákàtí 17 sí 19 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí kí ó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí a fi rí i bẹ́ẹ̀ láàárín ara wa. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ fi atọ́ka (ohun tó ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí nǹkan) kún tábìlì ìsanwó lórí àwọn sáfà ìdánwò ní nǹkan bí agogo mẹ́ta òru, kò sì rántí láti kọ CONCURRENTLY sí i. Láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, PostgreSQL kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sínú tábìlì náà títí atọ́ka yóò fi parí. Fún ìṣẹ́jú 40, kò sí ìsanwó kan tó wọlé, ìdánwò tí ẹgbẹ́ Éṣíà ń ṣe lọ́wọ́ sì bàjẹ́ pátápátá. Ẹni náà mọ òfin CONCURRENTLY bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Oorun ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin náà rọrùn. Lẹ́yìn wákàtí 10 lẹ́nu iṣẹ́, ènìyàn lè kà, ó lè wò, ó lè kọ ìròyìn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀yà tí a fẹ́ gbé jáde. Ohunkóhun tó bá kan dátábéèsì gbọ́dọ̀ kọjá lójú ẹnì kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn kan bínú sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, àgàgà àwọn tó ka àìsùn sí ìfarajìn. Kò dí wa lọ́wọ́ láti pàdé ọjọ́ tí a dá.

Ìpele 3: Èdè, owó àti orúkọ

Gbogbo ẹni tó bá ń gbé sọ́fítíwíà lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn rò pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ ló rọrùn jù.

Owó ló kọ́kọ́ bá wa jà. A ti ń tọ́jú iye owó gẹ́gẹ́ bí odindi òǹkà ìdá ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé a ń kọ dọ́là 50 sílẹ̀ ní 5,000. Ìdí rẹ̀ dára, nítorí kọ̀ǹpútà tó bá ń lo òǹkà onídẹ́símà yóò sọ fún yín pé 0.1 àti 0.2 jẹ́ 0.30000000000000004. Ṣùgbọ́n yẹ́ẹ̀nì Japan kò ní ìdá kankan lábẹ́ rẹ̀, dínárì Kuwait sì ní ìdá ẹgbẹ̀rún. Nínú ìdánwò, yẹ́ẹ̀nì 5,000 yọ lójú ìwé gẹ́gẹ́ bí 50.00, dínárì sì ń sọ nọ́ńbà tó kẹ́yìn rẹ̀ nù. A gbìyànjú láti fi àyàfi méjì sínú kóòdù fún owó méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn owó mìíràn ń yọjú, Bahrain, Tunisia, Korea, títí àyàfi fi kún kóòdù. A kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ní báyìí, iye owó kì í rìn láìsí kóòdù owó tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ISO 4217, àkójọ àgbáyé fún kóòdù owó, ṣe tò ó, tábìlì kan ṣoṣo ló sì ń sọ iye nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì ìdá. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì tí a rò di èyí tó gun ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí gbogbo ìsọfúnni àtijọ́ la ní láti kọjá lórí rẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ òǹkà náà tún yàtọ̀. Jámánì ń kọ 1.234,56 níbi tí Amẹ́ríkà ti ń kọ 1,234.56, Íńdíà sì ń kọ 12,34,567. A kì í ṣe èyí fúnra wa mọ́. Ìsọfúnni CLDR, àkójọ bí èdè àti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ nǹkan, tí àjọ Unicode ń tọ́jú ti ní gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú òfin ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Lárúbáwá ní ọ̀nà mẹ́fà tí òǹkà fi ń yí ọ̀rọ̀ padà, Japan ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Gbólóhùn tí a bá fi ègé pọ̀ mọ́ ègé nínú kóòdù kò lè rí ìyẹn gbé, nítorí náà odindi gbólóhùn ni a ń fún àwọn atúmọ̀.

Àléébù kan wà tí mo gbádùn láti wá rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jẹ ọ̀sán kan gbáko. Lórí fóònù tí èdè rẹ̀ jẹ́ Tọ́kì, ìwé ẹ̀rí ìsanwó kì í ṣí rárá. Èdè Tọ́kì ní i méjì, èyí tó ní àmì lórí àti èyí tí kò ní, lẹ́tà ńlá I sì di ı tí kò ní àmì lórí bí a bá sọ ọ́ di kékeré. Kóòdù wa ń sọ ọ̀rọ̀ àṣẹ “INVOICE” di lẹ́tà kékeré kí ó tó wá a nínú àkójọ, lórí àwọn fóònù wọ̀nyẹn ó sì ń wá “ınvoıce” tí kò sí níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń bá ẹ̀rọ sọ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé èdè oníbàárà.

Orúkọ ènìyàn náà mú tirẹ̀ wá. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ní àmì kan fún ẹ, ìyẹn U+1EB9, ó sì ní òmíràn fún é, U+00E9, ṣùgbọ́n kò ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù kan yóò kọ ẹ kí ó tó fi àmì ohùn lé e. Òmíràn yóò kọ é kí ó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta yóò kọ e lásán kí ó tó fi méjèèjì kún un. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n lójú dátábéèsì ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n. Oníbàárà tí wọ́n fi fóònù forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kì í jáde nígbà tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà wá a. A ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ọ̀nà kan tí Unicode là sílẹ̀ láti kọ lẹ́tà alámì ní irú kan náà, ní ẹnu ọ̀nà ìwọlé báyìí, wíwá náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi kejì tí ó ti dun orúkọ wọ̀nyí ni pé àyè orúkọ fàyè gba lẹ́tà 30, kóòdù sì ń ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà, tí ó fi ń gé orúkọ gígùn láàárín. Ohun tí ojú rí gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ni ó yẹ kí a kà sí ọ̀kan.

Ìpele 4: Ilé ìtajà áàpù

Ètò wa ni pé kí a tú áàpù náà sílẹ̀ fún ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, kí a wò ó, kí a tó fi kún un. Nígbà tí a ka ìlànà dáadáa ni a rí i pé ìtúsílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wà fún àtúnṣe áàpù tó ti wà nílẹ̀ nìkan. Apple ní ètò ọjọ́ 7 tó ń gba 1, 2, 5, 10, 20, 50 títí dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Google Play ń jẹ́ kí ènìyàn yan ìdá tó wù ú. Kò sí èyí tó gbà á fún ẹ̀yà àkọ́kọ́. Ẹ̀yà àkọ́kọ́ a máa dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn ní orílẹ̀-èdè tí a bá ti ṣí i.

Ọ̀nà tí a gbà ni pé a gbé áàpù náà sórí ilé ìtajà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ní orílẹ̀-èdè díẹ̀, láìpariwo, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ pàtàkì inú rẹ̀ ní títì. Súwíìṣì tó wà lórí sáfà wa ló ń ṣí wọn. Èyí tún yọ wá nínú ìdààmú àyẹ̀wò ilé ìtajà, tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò parí ní wákàtí tí òun fẹ́.

Súwíìṣì àkọ́kọ́ tí a ṣe kò dára. Ó ń ṣẹ́ kèké ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá ṣí áàpù, tó fi jẹ́ pé ẹnìkan lè rí ojú ìwé tuntun ní òwúrọ̀, kí ó sì bá ti àtijọ́ ní ìrọ̀lẹ́. A yí i padà kí ó máa fi nọ́ńbà àkáǹtì pọ̀ mọ́ orúkọ iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣí, kí ó lọ̀ wọ́n pọ̀ di òǹkà láti 0 dé 99. Bí a bá ṣí ìdá 5, àwọn tí òǹkà wọn wà lábẹ́ 5 ló wọlé, wọn kì í sì í jáde mọ́. Orúkọ iṣẹ́ tó wà nínú àlọ̀pọ̀ náà ni kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn kan náà máa jẹ́ ẹni tí a kọ́kọ́ dán gbogbo nǹkan wò lára rẹ̀.

Ìpele 5: Ẹrù

A fojú bu 2,000 ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ áàpù sí sáfà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìbéèrè kan bá ń gba ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan, 500 ni yóò máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò náà kò jù báyẹn lọ: iye tó ń wọlé lọ́nà àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí dátábéèsì bá rẹ̀wẹ̀sì tí ìbéèrè wá ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 2, 500 di 4,000.

PostgreSQL ń gba ìsopọ̀ 100 bí ènìyàn kò bá yí i padà. Nígbà ìdánwò àkọ́kọ́ ó kún, a sì gbé e dé 1,000. Ó burú sí i, nítorí pé ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ní PostgreSQL jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tó ń jẹ ìrántí ẹ̀rọ, sáfà náà sì ń lo agbára rẹ̀ láti máa pààrọ̀ láàárín wọn. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n dáadáa, ìbéèrè kan kì í lò ju mílísẹ́kọ́ńdì (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá) 30 lọ nínú dátábéèsì. Ìyẹn ni pé 2,000 ìbéèrè kò nílò ju ìsopọ̀ 60 lọ. A fi PgBouncer, sọ́fítíwíà tó ń pín ìsopọ̀ díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìbéèrè, sí iwájú rẹ̀, a sì fi ìsopọ̀ sí 80. Ó dúró digbí.

Ọ̀nà jíjìn kò ṣeé fi owó rà. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn gíláàsì ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdajì àyíká ayé sì jẹ́ 20,000. Nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní mílísẹ́kọ́ńdì 200. Ìsopọ̀ tuntun pẹ̀lú TLS 1.2 (ìlànà tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ń gba àlọ-àbọ̀ mẹ́rin kí ìdáhùn àkọ́kọ́ tó dé, 800 nìyẹn. TLS 1.3, tó jáde ní 2018, dín in kù sí mẹ́ta. Èyí tó kù ni a fi sáfà ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ oníbàárà ṣe, kí ìkíni àti ìdánimọ̀ lè parí nítòsí, kí ìbéèrè gan-an nìkan sì rin ọ̀nà jíjìn.

Èyí tó le jù ni àtúngbìyànjú. Áàpù tí kò bá rí sáfà ń tún gbìyànjú ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 5. A dá àwọn sáfà ìdánwò dúró fún ìṣẹ́jú kan, a sì ṣí wọn padà. Gbogbo áàpù tó ti ń dúró ya bo wọ́n, wọ́n sì tún ṣubú. A ní kí áàpù máa fi àkókò ìdúró rẹ̀ di ìlọ́po méjì, 1, 2, 4, 8, títí dé ìṣẹ́jú 5. Kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí gbogbo wọn ń di ìlọ́po méjì pọ̀, wọ́n sì ń padà wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí a fi ìdúró tí kò ní ètò kún un, tí áàpù kọ̀ọ̀kan ń yan ìṣẹ́jú-àáyá tó wù ú láàárín òdo àti òpin tí a fún un, ni àwòrán orí pátákó wá tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìpele 6: Dídánwò ìpadàsẹ́yìn

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, Knight Capital, ilé iṣẹ́ tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, pàdánù ju mílíọ̀nù 440 dọ́là lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Wọ́n gbé kóòdù tuntun sórí sáfà 7 nínú 8, ẹ̀kẹjọ sì ń sáré pẹ̀lú kóòdù àtijọ́ tí súwíìṣì tí wọ́n tún lò ta jí. Nítorí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ gbé kóòdù sórí sáfà lọ́dọ̀ wa; ẹ̀rọ ló ń gbé e, ẹ̀rọ náà ló sì ń bi sáfà kọ̀ọ̀kan léèrè ẹ̀yà tó wà lórí rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ìdánwò ìpadàsẹ́yìn àkọ́kọ́, ìyẹn pípadà sí ẹ̀yà àtijọ́, gba ìṣẹ́jú 47. Ẹ̀yà tuntun ti pa ọ̀wọ́ kan rẹ́ nínú tábìlì tí ẹ̀yà àtijọ́ ṣì ń kà, ó sì di dandan kí a dá dátábéèsì padà láti inú ẹ̀dà ìpamọ́. Láti ìgbà náà, ìyípadà tábìlì ń lọ ní ìpele: a fi ọ̀wọ́ tuntun kún un, a ń kọ sínú méjèèjì, a ń ka tuntun, a kò sì pa ti àtijọ́ rẹ́ títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan fi kọjá. Ìpadàsẹ́yìn di ìṣẹ́jú 4. A tún dín TTL orúkọ DNS wa, ìyẹn àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń rántí àdírẹ́sì sáfà wa kí wọ́n tó tún béèrè rẹ̀, kù láti 86,400 sí 300 ìṣẹ́jú-àáyá ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí ẹni tó bá dín in kù lọ́jọ́ náà gan-an yóò máa bá òǹkà àtijọ́ jà fún odindi ọjọ́ kan.

Ìpele 7: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìlà tí a fà sílẹ̀ ṣáájú ni pé bí àṣìṣe bá kọjá ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí tí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìbéèrè bá ń pẹ́ ju mílísẹ́kọ́ńdì 800 lọ, a ó dúró, a kò ní jiyàn. A ṣí ìdá 1 ní 13:00, ìdá 5 ní 14:30, ìdá 20 ní 17:00.

Ní ìdá 20, sáfà kò mì rárá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ kò rí ímeèlì tí wọ́n fi ń fìdí àkáǹtì múlẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wa fi ímeèlì ránṣẹ́ kò gbà ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 140 ló sì ń wọlé. Ogójì tó ń ṣẹ́kù ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 144,000 lẹ́yìn wákàtí kan. Kò sí èyí nínú ìdánwò wa, nítorí pé ìdánwò kì í fi ímeèlì gidi ránṣẹ́. Ìdámọ̀ràn tó kọ́kọ́ jáde ni pé kí a bẹ ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n gbé òǹkà náà sókè, wọ́n sì ní ó di ọjọ́ kejì. Nígbà náà ni ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní 16:00, béèrè ohun tó wà nínú ìlà àwọn ímeèlì tó ń dúró. Ó lé ní ìdajì tó jẹ́ lẹ́tà ìkíni káàbọ̀. A pín ìlà sí méjì, a jẹ́ kí ìfìdímúlẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà máa lọ síwájú, a sì dá ìkíni dúró. Ìlà náà tán kí agogo 20:00 tó lù. Mo gbà pé àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀, èmi náà pẹ̀lú wọn, ì bá máa bẹ ilé iṣẹ́ náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Nígbà tí Windows 95 jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1995, inú páálí ni ó wà lórí pẹpẹ ìtajà. Ohun tó bá ti jáde ti jáde. Tiwa ní súwíìṣì tó ṣeé pa, èyí gan-an ló sì ń tan ènìyàn láti máa fọwọ́ kan nǹkan ní òru. Fọ́ọ̀mù ìfàléni-lọ́wọ́ wa ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ló yí padà, kí ló ṣì ń rọ́jú, kí ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá ti fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ń pàdánù àṣẹ ìwọlé rẹ̀ sórí sáfà títí di ìpín iṣẹ́ tirẹ̀ mìíràn. Ẹ̀rọ ló ń gbà á, kò di ọ̀rọ̀ ìgbọràn.

Ìdá 50 ṣí ní ọjọ́rú, ìdá 100 ní ọjọ́bọ̀. Àṣìṣe kò kọjá ìdá 0.2.

Ìpele 8: Ohun tó ṣẹ́kù

Iye owó ẹ̀rọ àyẹ̀wò ti di ìlọ́po méjì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, a sì ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wákàtí ènìyàn tí ó dá padà ju owó náà lọ. Ọ̀rọ̀ òfin kò tíì parí: ní Yúróòpù, òfin ìsọfúnni ara ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti kéde jíjò ìsọfúnni fún aláṣẹ, a kò sì tíì ṣe ìdánwò rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Lẹ́tà ìkíni káàbọ̀ ṣì wà ní dídádúró. Kò sí oníbàárà kan tó béèrè rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kan ni yíyọ àwọn súwíìṣì ìfilọ́lẹ̀ kúrò pẹ̀lú kóòdù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní orúkọ ẹni tí yóò yọ ọ́ àti ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí súwíìṣì ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìkọ́ yóò kọ̀ láti kọ́ ẹ̀yà tuntun kankan.